Ẹ Jẹ́ Kí Bàbá Gun Kẹ̀kẹ́

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí wa lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀kan wà tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì gbé fún ìyàwó mi náà kí ó kà á. Abilékọ kan ni ó kọ ọ́ láti Ayépé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odógbolú, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dá a lóhùn ní gbangba.

Ọkọ abilékọ yìí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Èkó. Ẹni ọdún 61 ni. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ sí Ayépé ti parí, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀ ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ayépé ni ìlú bàbá ọkọ yìí, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó ti ṣiṣẹ́. Àfi ìgbà ọdún àti ìgbà òkú ni ó máa ń wá sílé.

Abilékọ náà wí pé: “Láti ìgbà tí a ti dé, bàbá àwọn ọmọ mi kò ní ibi tí wọ́n ń lọ. Bí wọ́n bá jí, ó di orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, ó tún di orí àga. Wọ́n yẹ ìfúnpá wọn wò ní ilé ìwòsàn, ó jẹ́ 152 lórí 96. Dókítà fún wọn ní oògùn, wọ́n sì ń lò ó, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn rárá.”

Ní àárọ̀ Sátidé kan, àwọn mẹ́rin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú ilé wọn. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, básíkùlù ni mo ń wí. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀, ọ̀kan jẹ́ tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ ọ̀dọ́. Tíṣà náà juwọ́ sí bàbá, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bá wa ká lọ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ o!” Abilékọ yìí ní ọkọ òun rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà títí ó fi wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wí pé òun yóò ra kẹ̀kẹ́.

Ibẹ̀ ni ìjà dé. Àwọn ọmọ gbọ́, wọ́n sì fárígá. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí Dádì dójú tì wá o. Àwọn ará ìlú yóò ní a kò tọ́jú yín.” Àkọ́bí wọn ní òun yóò kúkú máa san owó dẹ́rẹ́bà fún wọn. Màmá fúnra rẹ̀ kò ro ti ìtìjú, ẹ̀rù mọ́tò ni ó ń bà á. Ó wá kọ̀wé sí wa pé: “Ẹ bá mi dá sí i. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyáàfin wa ọ̀wọ́n, èsì wa kò gùn. Ẹ jẹ́ kí Bàbá gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì bá àwọn mẹ́rin yẹn gùn ún. Bí ó bá ṣe pé wọ́n fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ láti máa dá gùn kiri ni, ǹ bá ní ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti rí àwọn tí yóò máa pè wọ́n jáde nílé yìí, mo ní ó dára ní ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

ÀÌSÀN TÍ OÒGÙN NÌKAN KÒ LÈ WÒ

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ bàbá yìí. Ní Èkó, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti kí ẹni mẹ́wàá: mẹ́gáàdì tí ń ṣí géètì, obìnrin tí ń ta àkàrà, awakọ̀ àti àwọn èrò ọkọ̀. Ó ń rìn dé ibùdókọ̀, ó ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ́fíìsì, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn bọ́ọ̀lù àti òṣèlú. Ní ọjọ́ tí ó kó dé Ayépé, gbogbo rẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ẹnu rẹ̀ náà sì dúró. Àwọn ará ìlú ń pè é ní ọmọ ìlú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bá ṣeré òṣùpá nínú wọn. Inú ilé bàbá rẹ̀ ni ó ti di àlejò.

Àwọn kan yóò ní kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìlera. Ó ní púpọ̀ í ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gbé àbọ̀ wọn jáde. Wọ́n ní nínú ẹni mẹ́fà láyé, ọ̀kan ń jẹ ìyà ìdáwà, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ìdáwà lọ́wọ́ nínú ikú nǹkan bí 871,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Ó ń dá kún àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti àtọ̀gbẹ, ó sì ń mú kí ìrántí ènìyàn tètè kú. Àwọn baba wa kò dúró de àjọ kankan kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n jù. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Kò sí ẹni tí ń dá nìkan wá kí ọba. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń tò wọlé, ẹgbẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ́, aṣọ wọn bára mu. Nígbà ayé Awùjalẹ̀ Sikiru Adétọ̀nà, ẹni tí ó jọba ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni a sọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jí dáadáa. Ọba náà mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá wà lẹ́yìn odi nílò ilẹ̀kùn tí yóò gbà wọlé padà. Ṣùgbọ́n Ojúde Ọba kì í ju ọjọ́ kan lọ lọ́dún. Kí ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yóò máa ṣe ní Sátidé 51 yòókù? Ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tí ń ṣí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

OHUN TÍ KẸ̀KẸ́ Ń ṢE FÚN ARA

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe iṣẹ́ ara tí ó mú èémí yá díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Bí ènìyàn bá gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó ti dé 150 nìyẹn. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, irú iṣẹ́ ara bẹ́ẹ̀, bí ó bá tẹra mọ́ ọn, máa ń fa nọ́ńbà òkè wálẹ̀ ní nǹkan bíi 5 sí 8. Ó sì tún sàn fún orúnkún ju eré sísá lọ, nítorí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ìwúwo ara.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Glasgow gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 260,000 ní Ìlú Ọba. Wọ́n rí i pé láàárín nǹkan bí ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ṣọ́ wọn, ewu ikú àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi iṣẹ́ fi 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tí ń jókòó sínú mọ́tò tàbí bọ́ọ̀sì lọ.

Èyí tí ó tún wù mí jù ni ti Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Denmark, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ṣọ́ nǹkan bí 8,500 ènìyàn fún ọdún tí ó tó 25, wọ́n sì fi àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá wé àwọn tí kì í ṣe é. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ́ láyé jù wọ́n lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ. Àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fi ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́jọ jù wọ́n. Àwọn tí ń gbá tẹ́níìsì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń lọ sí ilé ìdárayá láti lo ẹ̀rọ kò fi ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ.

Kí ló dé? Àwọn olùwádìí náà kò búra. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé àwọn tí ń gbá tẹ́níìsì lówó lọ́wọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún tọ́ka sí i pé eré tí ènìyàn ń bá ẹlòmíràn ṣe ni ó wà lókè. Tẹ́níìsì kò ṣe é dá gbá, bọ́ọ̀lù náà kò ṣe é dá gbá. Èrò tèmi ni pé bí ẹ bá mú kẹ̀kẹ́, tí ó ti dára fún ara tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì fi ẹgbẹ́ kún un, ẹ ti fi epo kún ọbẹ̀ nìyẹn.

TA NÍ SỌ PÉ ÌTÌJÚ NI?

Mo fẹ́ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ bi bàbá yín àgbà léèrè, bí wọ́n bá ṣì wà, pé ta ni ó ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà èwe wọn. Tíṣà ni. Akọ̀wé ni. Wolé-wolé tí gbogbo ilé ń sá fún, kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn wá. Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ Raleigh tuntun nígbà náà, àwọn ará àdúgbò yóò wá kí i kú oríire, bí a ti ń kí ẹni tí ó ra mọ́tò lónìí. Ìgbà tí mọ́tò àti ọ̀kadà pọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé tálákà nìkan ni ó ni kẹ̀kẹ́.

Ẹ tún wo ayé òde òní. Ní Èkó níbí, àwọn ẹgbẹ́ bí i Cycology Riding Club wà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ń bá gùn ní òpin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ní mọ́tò nílé. Ní London, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, Mani Arthur dá Black Cyclists Network sílẹ̀ ní ọdún 2018, kí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gun kẹ̀kẹ́ má bàa máa dá rìn. Ní oṣù keje ọdún 2024, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba ipò kìíní ní ọjọ́ kan nínú ìdíje Tour de France. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gbà á lọ́dún náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda ni wọ́n ti ṣe ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí Áfíríkà nìyẹn. Ohun tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún kò lè jẹ́ ìtìjú ní Ayépé.

Owó dẹ́rẹ́bà tí ẹ fẹ́ máa san, ìfẹ́ ni, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà yóò gbé bàbá yín láti orí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí orí àga mọ́tò ni. Ẹ fi owó náà ra kẹ̀kẹ́ tí ó dára fún wọn.

BÍ ÀLEJÒ TI Ń WỌ ẸGBẸ́

Ìyáàfin, ẹ̀rù tí ń bà yín ní ìdí, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣeré. Ohun tí mo gbà yín nímọ̀ràn nìyí.

Ìkíní, kí Bàbá kọ́kọ́ padà lọ rí dókítà wọn. Kí wọ́n sọ fún un pé àwọn fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́, kí ó sì yẹ ọkàn wọn wò. Bí ìfúnpá ẹnikẹ́ni bá wà ní 180 lórí 110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má gun kẹ̀kẹ́ títí dókítà yóò fi fà á wálẹ̀. Kí Bàbá má sì ṣe dá oògùn wọn dúró nítorí pé ara wọn yá. Kẹ̀kẹ́ kò gba ipò oògùn, ó ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Ìkejì, kí wọ́n tó ra kẹ̀kẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kí àwọn ẹgbẹ́ náà nílé. Kí wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, aago tí wọ́n ń jáde àti bí wọ́n ti ń yára tó. Kí wọ́n má fi ìfúnpá wọn pamọ́. Ẹni tí yóò bá ọ rìn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń ṣe ọ́. Àlejò tí ó kọ́kọ́ wá kí onílé, onílé yóò ní sùúrù fún un.

Ìkẹta, kí àwọn ẹgbẹ́ bá wọn yan kẹ̀kẹ́. Tòkunbọ̀ kò burú, bí bíréèkì rẹ̀ bá ń mú níwájú àti lẹ́yìn, tí táyà rẹ̀ sì lágbára. Kí ìjókòó rẹ̀ má ga jù, kí ó má sì kúrú débi tí orúnkún yóò fi máa kan àyà. Kí agogo wà lára rẹ̀, kí iná wà níwájú àti lẹ́yìn. Akoto ní orí ṣe pàtàkì. Orí ni baba ara, bí ènìyàn bá ṣubú tí apá fi kán, yóò jinná, ṣùgbọ́n orí kì í ṣe ohun tí a ń fi dánwò.

Ìkẹrin ni ọ̀nà. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Bìní kì í ṣe ibi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò lọ, nítorí tírélà àti ọkọ̀ agbépo. Kí wọ́n máa gba ọ̀nà àárín ìlú àti ti abúlé, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́ tí awakọ̀ lè rí wọn. Kí wọ́n wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ yòò. Kí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí wọ́n má tò ní méjìméjì nítorí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ń dúró de ibi ìsinmi.

Ìkarùn-ún, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí wọ́n gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá lè sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gùn ún ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kọrin, ìyẹn ni ìwọ̀n tí ó tọ́. Bí àyà bá ń fún wọn, tí ojú ń kọ̀ wọ́n tàbí tí èémí kò balẹ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan sì bá wọn dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí omi wà lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá sì dé, Ìyáàfin, ẹ má torí pé wọ́n ṣiṣẹ́ kí ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ abọ́ méjì oníyọ̀ púpọ̀ síwájú wọn. Ohun tí kẹ̀kẹ́ bá kó jáde, ẹ má jẹ́ kí ṣíbí kó o padà.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni. Kẹ̀kẹ́ obìnrin wà, èyí tí kò ní irin gbọọrọ láàárín, tí ènìyàn lè wọ ṣòkòtò tàbí yẹ̀rì gbígbòòrò gùn. Bí ẹ kò bá fẹ́ gùn ún, ẹ lọ mọ àwọn ìyàwó àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn. Ìdáwà kì í ṣe àìsàn ọkùnrin nìkan.

BÍ KÒ BÁ SÍ ẸGBẸ́

Àwọn òǹkàwé mìíràn yóò ní ní ìlú tí àwọn kó lọ, kò sí ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ kankan. Ẹni mẹ́ta ti tó. Ẹ lọ bá ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú náà. Òun ni ó mọ gbogbo ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, àti èyí tí a so mọ́ igun ilé tí aláǹtakùn ti fi ṣe ilé. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ mú aago kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹ dá owó táṣẹ́rẹ́ jọ lóṣooṣù fún táyà àti ṣéènì. Kí ẹ sì fi òfin méjì lélẹ̀.

Òfin kìíní: ẹni tí ó lọ́ra jù ni yóò máa ṣíwájú, kí a má bàa fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Òfin kejì: bí ẹnìkan kò bá yọjú ní Sátidé méjì, kí àwọn yòókù gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ sí ilé rẹ̀, kí wọ́n kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

Ìyáàfin, nítorí òfin kejì yìí ni mo ṣe kọ gbogbo èyí tí mo kọ. Àwọn ọmọ yín jìnnà, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ráàyè. Ẹ̀yin sì mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ara yóò kọ̀ fún ọ̀kan nínú yín. Ní ọjọ́ náà, ẹ ó nílò ẹni tí yóò ṣàkíyèsí pé àga ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo, tí yóò sì kan ilẹ̀kùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá lójú ilé yín, ó sì ti juwọ́. Ẹ jẹ́ kí Bàbá dáhùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí ara ó le o.